Orin heavy metal àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànì

Orin heavy metal ní ilẹ̀ Jàpáànì jẹ́ ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì líle tí gìtá tó ń lo iná mànàmáná, ìlù alágbára àti ohùn gíga jẹ́ òpó rẹ̀. Ó wọ orílẹ̀-èdè náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, ó sì ti ní àwọn ẹgbẹ́ olórin, ìwé ìròyìn àti ilé eré tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ tí wọn kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tó ya ìtàn rẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé àwọn tó ń gbọ́ ọ ni òkìkí wọn kọ́kọ́ kàn, ṣáájú àwọn tó ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ òkèèrè ló ti mọ Jàpáànì ní ibi tí wọ́n ti ń fetí sí orin dáadáa kí wọ́n tó mọ orúkọ olórin heavy metal kan ṣoṣo láti ibẹ̀.

Orúkọ

Àwọn ará Jàpáànì kì í pẹ́ gé ọ̀rọ̀ àyálò tó bá gùn jù. Kọ̀ǹpútà àdáni di pasokon lẹ́nu wọn, heavy metal sì di hebimeta. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ju bó ṣe mọ lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí wọ́n bá pè ní hebimeta sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin onírun gígùn tó ń pariwo kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin yìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Metaru ni wọ́n ń sọ, tàbí kí wọ́n pe orúkọ náà tán láìgé e. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwo-orin tó sì béèrè hebimeta ti fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Marty Friedman, onígìtá ará Amẹ́ríkà tó ti bá ẹgbẹ́ Megadeth ṣeré, kó lọ sí Tokyo ní ọdún 2003, ó sì ń sọ èdè ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní 2005, Hebimeta-san ni wọ́n pe ètò náà. San ni àfikún tí àwọn ará Jàpáànì ń fi sí ẹ̀yìn orúkọ ẹni tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún. Ìyẹn ni pé wọ́n dé fìlà ọ̀wọ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn lórí, kálukú sì gbà á bó ṣe wù ú.

Bí orin náà ṣe wọlé

Ẹgbẹ́ Deep Purple láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeré ní ìlú Osaka ní ọjọ́ 15 àti 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1972, wọ́n sì ṣeré ní gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta àwo wọn ní Jàpáànì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀ fún títà níbẹ̀ nìkan. Nígbà tí wọ́n gbọ́ bó ṣe dára tó, wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé pẹ̀lú orúkọ Made in Japan, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àwo eré ojúkojú tí wọ́n mọ̀ jù lọ nínú ìtàn rọ́ọ̀kì. Ìbéèrè àwọn olùgbọ́ Jàpáànì ló mú kí àwo náà wà rárá.

Gbọ̀ngàn Budokan fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilé orin. Wọ́n kọ́ ọ fún ìdíje júdò ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1964, àwọn kan sì fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles ṣeré níbẹ̀ ní 1966, pé ilé àwọn akọni kò yẹ fún irú orin bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ńlá tí kò fẹ́ dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn Deep Purple, ó di àṣà fún àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láti gba ohùn eré wọn sílẹ̀ ní Jàpáànì. Scorpions láti Jámánì ṣe Tokyo Tapes ní 1978 ní gbọ̀ngàn Nakano Sun Plaza. Judas Priest ṣe Unleashed in the East ní Tokyo ní 1979, Iron Maiden sì gba ohùn Maiden Japan sílẹ̀ ní ìlú Nagoya ní 1981. Ẹgbẹ́ Riot láti New York tilẹ̀ fi orúkọ pápákọ̀ òfurufú Tokyo sọ àwo wọn ti ọdún 1979, ìyẹn Narita. Nígbà tí Metallica kọ́kọ́ dé Jàpáànì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986, kò tíì pé oṣù méjì tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa Cliff Burton, onígìtá báàsì wọn. Iwájú àwọn olùgbọ́ yìí wà lára ibi tí Jason Newsted, ẹni tó rọ́pò rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìṣe àwọn olùgbọ́

Ohun tó máa ń ya àwọn olórin àjèjì lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí orin bá parí, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á pariwo ayọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ lọ gbári láti gbọ́ ohun tí akọrin fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá mọ àṣà náà lè rò pé eré òun kò dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó dákẹ́ yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi ẹnu kọ orin gìtá tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìmọ̀ ni ọlá láàárín wọn. Olólùfẹ́ tòótọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lu ìlù nínú àwo kejì, ọdún tó kúrò, àti ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ àwo-orin mọ èyí, wọ́n sì ń bọ́ ebi náà. Àwo àjèjì tí wọ́n bá tẹ̀ ní Jàpáànì máa ń ní ìwé pélébé kan nínú, tí alárìíwísí kan ti kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà sí, pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin sí èdè Jàpáànì. Ó tún máa ń ní orin kan tàbí méjì tí kò sí nínú àwo tí wọ́n tà ní ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ owó ló fa ti orin àfikún yìí. Òfin Jàpáànì gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti dá iye kan tí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ta àwo tí wọ́n tẹ̀ nílé, nítorí náà àwo kan náà tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè sábà máa ń dínwó jù ú lọ. Ó di dandan kí wọ́n fi nǹkan kún ti ilé kí àwọn èèyàn tó lè rà á. Àwọn olólùfẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo Jàpáànì lówó gọbọi nítorí orin kan ṣoṣo náà.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà kẹ̀yìn sí heavy metal, Jàpáànì kò kẹ̀yìn sí i. Mr. Big láti Amẹ́ríkà, Helloween láti Jámánì àti Angra láti Brazil wà lára àwọn tí ọjà Jàpáànì gbé ró lákòókò náà. Àwọn oníròyìn òyìnbó a máa fi irú òkìkí bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, bí ẹni pé òkìkí tí èèyàn ní ní Tokyo kì í ṣe òkìkí gidi. Ẹ̀gàn yẹn kò mọ́gbọ́n dání: àwọn tó ń fi orin wọ̀nyí ṣẹ̀sín nígbà náà padà wá ń wá àwọn àwo náà kiri nígbà tó yá.

Ìwé ìròyìn Burrn! àti ọ̀rọ̀ Seikima-II

Ìwé ìròyìn olóṣooṣù Burrn! bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984. Ó máa ń fún àwo kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 100, àwọn òǹkàwé sì máa ń fojú sí máàkì yẹn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò. Orin ilẹ̀ òkèèrè ló gba ojú ewé rẹ̀ jù lọ. Èyí bá ìpín kan mu tó ti wà tipẹ́ nínú ọjà orin Jàpáànì láàárín yōgaku, orin òyìnbó, àti hōgaku, orin ilé. Ṣọ́ọ̀bù máa ń pààlà sí wọn, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ sì máa ń pààlà sí wọn lọ́kàn. Nínú heavy metal, ààlà yìí mú wàhálà wá: bí ojúlówó bá ti òkèèrè wá, kí ni ti ọmọ ilé?

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ti Seikima-II. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Waseda ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1982. Wọ́n kun ojú wọn, wọ́n sì ń sọ pé ẹ̀mí èṣù ni àwọn, pé àwọn wá fi orin gba ayé. Olórí akọrin wọn, Demon Kakka, kì í yẹ̀ kúrò nínú ìtàn náà, kódà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjàkadì sumo, èyí tó mọ̀ dunjú, lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1985, Burrn! sì fún un ní òdo nínú 100. Ohun tí ìdájọ́ náà ń sọ ni pé eré ìdárayá lásán ni èyí, pé kì í ṣe heavy metal. Àwọn olùgbọ́ kò gbà. Seikima-II di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì túká ní òpin ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1999, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ti ń wí tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò ṣe. Wọ́n ti padà ṣeré nígbà bíi mélòó kan láti ìgbà náà.

Àwọn ẹgbẹ́ ilé

Ẹgbẹ́ Bow Wow, tí Kyoji Yamamoto jẹ́ onígìtá rẹ̀, wà lára àwọn aṣáájú ní àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ṣeré ní àjọ̀dún Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982. Ṣùgbọ́n Loudness ló ṣí ọ̀nà gbòòrò. Akira Takasaki onígìtá àti Munetaka Higuchi onílù ti wà nínú ẹgbẹ́ Lazy láti ìgbà èwe wọn, níbi tí àwọn alábòójútó ti ń mú wọn kọ orin fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Nígbà tó sú wọn, wọ́n kúrò, wọ́n sì dá Loudness sílẹ̀ ní Osaka ní 1981 pẹ̀lú Minoru Niihara akọrin àti Masayoshi Yamashita onígìtá báàsì. Àwo wọn Thunder in the East jáde ní 1985 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ó sì dé ipò 74 lórí àtẹ Billboard. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ heavy metal Jàpáànì kankan tó dé bẹ̀ rí.

Ó ná wọn ní nǹkan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní láti máa fi kọrin, nígbà tó sì di òpin ọdún mẹ́wàá náà, wọ́n ní kí Niihara lọ, wọ́n sì fi Mike Vescera, ọmọ Amẹ́ríkà, rọ́pò rẹ̀. Òkìkí tí wọ́n ń lé kò pọ̀ sí i. Àwọn mẹ́rin ìpilẹ̀ṣẹ̀ padà pàdé ní nǹkan bí ọdún 2000. Higuchi kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 nípasẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ọmọ ọdún 49 ni, ẹgbẹ́ náà sì ń bá iṣẹ́ lọ.

X, tí wọ́n padà wá ń pè ní X Japan, gba ọ̀nà mìíràn. Yoshiki àti Toshi, ọ̀rẹ́ láti kékeré ní Tateyama, ló dá a sílẹ̀ ní 1982. Yoshiki dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Extasy, sílẹ̀ ní 1986 dípò kó máa dúró de àwọn ọlọ́jà. Irun wọn tó ga fíofío àti ọ̀dà ojú wọn kò bá àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ lára mu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àṣà visual kei ti jáde. Nígbà tí onígìtá wọn, hide, kú ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1998 ní ọmọ ọdún 33, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rọ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní tẹ́ńpìlì Tsukiji Hongan-ji.

Àwọn obìnrin kò kẹ́yìn níbẹ̀. Mari Hamada gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1983 pẹ̀lú ìrànwọ́ Higuchi ti Loudness, ẹgbẹ́ Show-Ya sì bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin obìnrin nìkan ní Tokyo ní 1987. Ní apá orin tó le jù, Sigh ti Tokyo gbé Scorn Defeat jáde ní 1993 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Nọ́wè.

Ilé eré kéékèèké

Púpọ̀ jù lọ nínú orin yìí kì í ṣẹlẹ̀ ní Budokan bí kò ṣe nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní raibu hausu. Àwọn onílé eré máa ń lo ètò kan tó ń jẹ́ noruma, níbi tí ẹgbẹ́ olórin ti gbọ́dọ̀ ta iye tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ká ní ogún tíkẹ́ẹ̀tì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,000 yẹ́ẹ̀nì. Bí wọ́n bá ta mẹ́jọ péré, àwọn olórin fúnra wọn ni yóò san 24,000 tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ lójú ọjọ́ kí wọ́n lè rí owó ṣeré lálẹ́. Ní irú ibẹ̀, ó ṣòro láti mọ ìyàtọ̀ láàárín olórin àti olólùfẹ́, nítorí ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni yóò dúró wo ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.

Babymetal àti lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n dá Babymetal sílẹ̀ ní 2010: ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń kọrin tó sì ń jó, pẹ̀lú àwọn olórin àgbà tó ń ta gìtá líle lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣeré ní Budokan ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n di ẹgbẹ́ Jàpáànì àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí eré ní Wembley Arena ní London. Ìbéèrè tí wọ́n bi Seikima-II ni wọ́n tún bi wọ́n. Àwọn kan ní ọjà lásán ni, pé alábòójútó ló kó wọn jọ. Rob Halford ti Judas Priest kò rò bẹ́ẹ̀, ó bá wọn kọrin lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà ní 2016. Ẹni tó bá rántí pé Lazy ni Loudness ti jáde yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ alábòójútó yìí kò lè dá ẹjọ́ náà.

Àwọn olólùfẹ́ àkọ́kọ́ ti ń darúgbó. Àjọ̀dún Loud Park, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, dáwọ́ dúró lẹ́yìn ti 2017, ó sì padà ní 2023. Wọ́n wó Festival Hall ti Osaka, níbi tí Deep Purple ti ṣeré, wọ́n kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2013. Nakano Sun Plaza ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2023.