Ìdí Tí Àlejò Kò Fi Rí Ẹnu Ọ̀nà Sáfà Ilé

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Ilé ìwé, ilé ìtajà oògùn, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ni mo ń fa wáyà fún. Èyí tí kì í mówó wá nínú iṣẹ́ náà, tó sì máa ń gba oorun lójú mi, ni ti àwọn ọmọ tó gbé sáfà géèmù kalẹ̀ nínú ilé bàbá wọn, kí ọ̀rẹ́ lè wọlé láti ibòmíràn wá bá wọn ṣeré. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o, àwọn tó wà níta ni kò rí i." Òbí á ní ọmọ ló ba nǹkan jẹ́, ọmọ á ní ráútà ni kò dáa. Èmi kì í tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìdènà mẹ́ta ló wà láàrin sáfà ilé àti àlejò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tí wọ́n gbé e síbẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn kò ní pẹ́ mọ èyí tó dá òun dúró.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ìdènà kankan. Ní oṣù Kẹsàn-án 1981, ìwé kan tí wọ́n pè ní RFC 791 jáde ní Amẹ́ríkà. Jon Postel ni olóòtú rẹ̀. Òun ló fi ètò àdírẹ́sì tí à ń pè ní IPv4 lélẹ̀, gbogbo àdírẹ́sì tó sì lè tinú rẹ̀ jáde kò ju 4,294,967,296 lọ. Láyé ìgbà yẹn, yunifásítì, àwọn oníwádìí àti iṣẹ́ ọmọ ogun ló ni ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì sẹ́ni tó ń rò pé àdírẹ́sì á tán. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, èyíkéyìí sì lè pe èkejì ní tààrà. Ohun tó sọ ọ̀kan di sáfà kò ju pé òun ló jókòó, tó ń retí ìpè.

Àwọn eléré kò tètè dé orí ètò yìí. Nígbà tí id Software, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Mesquite ní ìpínlẹ̀ Texas, gbé Doom jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1993, ẹni mẹ́rin lè jọ ṣe é, àmọ́ orí wáyà inú ilé kan náà ni. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ máa ń kígbe sí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí wáyà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ló ń bá sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì àti ti ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, àwọn ọ̀gá kan sì fòfin de géèmù náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á wá Kali lọ, ètò kan tó ń tan géèmù jẹ pé inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Quake, géèmù id Software mìíràn, ló yí i padà ní oṣù Kẹfà 1996. Kọ̀ǹpútà kan á jókòó sórí pọ́ọ̀tì 26000 (pọ́ọ̀tì ni nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ìpè ń gbà wọlé), ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ á wọlé láti ibikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì, tí okùn ilé ìwé rẹ̀ yá, lè gbàlejò láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ojú ẹni tó ń fi mọ́dẹ́ẹ̀mù tẹlifóònù wọlé ló ń rí màbo: á tẹ bọ́tìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú géèmù kò ní tètè gbéra. Torí irú wọn ni John Carmack ti id Software fi ṣe QuakeWorld ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Kọ̀ǹpútà eléré kò dúró de èsì sáfà mọ́. Á kọ́kọ́ rìn, bí sáfà bá wá rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò péye, á dá a padà síbi tó yẹ kó wà. Irú ọgbọ́n yìí ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní. Nítorí náà, bí àlejò bá ń pariwo pé òun rìn síwájú, nǹkan sì fa òun padà sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan ráútà. Àlejò ti wọlé. Okùn tó lọ́ra tàbí sáfà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún ni ká wádìí.

Ìdènà kìíní ti wà nílẹ̀ kí Quake tó jáde. Ní oṣù Karùn-ún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis kọ RFC 1631, ìwé tó ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní NAT. Àdírẹ́sì ti ń lọ sópin, wọ́n sì dábàá pé kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa jáde lábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejì 1996, RFC 1918 ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé, títí kan èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tó wà nínú ráútà yín báyìí. Ẹ wò ó bí agboolé tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń gba ọwọ́ baálé. Baálé mọ ẹni tó kọ lẹ́tà jáde, ó sì mọ ẹni tó ni èsì rẹ̀. Àjèjì tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sí, tó kàn dé tó ní òun ń wá àwọn tó ń ṣeré, baálé kò mọ yàrá tí yóò mú un lọ. Àwọn tó kọ ìwé NAT náà kò fi í pe ara wọn ní olùgbàlà. Ojútùú fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí.

Ìdí nìyí tí a fi ń wọ inú ráútà lọ pàṣẹ pé ìpè tó bá kan pọ́ọ̀tì 25565, tí í ṣe ti géèmù Minecraft orí kọ̀ǹpútà, àdírẹ́sì sáfà nínú ilé, bíi 192.168.1.20, ni kó gbé e fún. Ìbàdàn ni mo wà, mo mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, ráútà tún àdírẹ́sì pín, sáfà di 192.168.1.25, àṣẹ ṣì ń nàka sí 20. Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mò ń bá pàdé. Mo máa ń so àdírẹ́sì mọ́ sáfà nínú ráútà kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kejì. Ẹ má sì jókòó sórí Wi-Fi ilé kẹ́ ẹ máa fi àdírẹ́sì ìta yín dán sáfà wò. Ọ̀pọ̀ ráútà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìpè tó ti inú ilé wá padà sínú ilé, ẹ ó sì rò pé ó bàjẹ́ nígbà tí kò bàjẹ́. Ẹ pa Wi-Fi fóònù, ẹ fi dátà rẹ̀ dán an wò.

Ní tèmi, mo bá NAT nílé ni. Káfè tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Sángo ní abọ́ sátẹ́láìtì lórí òrùlé, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé sì ń jáde lábẹ́ àdírẹ́sì kan. Irú sátẹ́láìtì yẹn wà ní 35,786 kìlómítà lókè. Ìpè á gòkè á sọ̀, èsì náà á gòkè á sọ̀, ó ti tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Àwọn tó sanwó òru ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ jà ń ṣe Counter-Strike láàrin ara wọn lórí wáyà káfè, kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí wọ́n tó dá IXPN, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń pàrọ̀ ọ̀rọ̀ láàrin ara wọn, sílẹ̀ ní 2006, ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà ilé iṣẹ́ kan ní Èkó sí ti ilé iṣẹ́ kejì ní Èkó kan náà lè gba òkè òkun lọ kó tó padà wálé. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, eré pẹ̀lú ará ọ̀nà jíjìn wá ṣeé ṣe. Àmọ́ ilé tó kọ́kọ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lásìkò yẹn kò mọ ayé tí kò sí NAT.

Kòkòrò kọ̀ǹpútà ló mú ìdènà kejì wá. Ní oṣù Kẹjọ 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní Blaster bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí Windows kan bọ́ sórí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Kí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ ti tó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Microsoft gbé Service Pack 2 jáde fún Windows XP, firewall inú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ń dá ìpè àjèjì dúró, sì ti wà ní títàn láti ilé iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ìpè tó bá ráútà kọjá ti tún ń bá ilẹ̀kùn mìíràn pàdé lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ohun tó hàn lójú àlejò ló máa ń fọ̀nà hàn mí. Bí ó bá rí "Connection refused", ìpè sábà ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, kò kàn sí ẹni tó jókòó sórí pọ́ọ̀tì yẹn ni: sáfà kò tíì dìde, tàbí nọ́ńbà pọ́ọ̀tì kò bára mu. Bí ó bá rí "Connection timed out", ẹnì kan lójú ọ̀nà ti gbé ìpè jù sí ẹ̀gbẹ́ láìfèsì, firewall tàbí ráútà ni ká lọ bá.

Minecraft ló sọ àwọn ọmọ di onísáfà padà. Láti 2009 tí Markus Persson ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní Sweden, ọ̀fẹ́ ni sáfà rẹ̀, ọmọ iléèwé girama sì lè gbé e dìde lórí láptọ́ọ̀pù. Kò pẹ́ sí i ni ìdènà kẹta dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2011, IANA, àjọ tó ń bójú tó àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, pín ìdì àdírẹ́sì IPv4 márùn-ún tó kù sí i lọ́wọ́ fún àwọn àjọ àgbègbè márààrún àgbáyé, ọ̀kan fún AFRINIC tiwa. Ní oṣù Kẹrin 2012, RFC 6598 ya 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan. Ó wá di NAT lórí NAT: ọ̀kan nínú ilé yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń sanwó fún.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Peckham ní London fẹ́ bá ọmọ mi kọ́lé nínú Minecraft, ó sì pè mí: "Dádì Ìbàdàn, timed out ló ń sọ o." Àṣẹ inú ráútà pé, firewall ṣí. Mo wo àdírẹ́sì tí ráútà alásíímù wa gbà láti ìta, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ojú òde rí yàtọ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé mi. Ilé iṣẹ́ náà ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Kò sí ráútà tí títàn rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Tailscale so ilé méjèèjì pọ̀. Ní tirẹ̀, láti inú ni ìpè ti ń jáde níhà méjèèjì, NAT a sì máa jẹ́ kí ẹni tó ń jáde kọjá. Ìran Kali 1995 ṣì ni: ká tan géèmù jẹ pé yàrá kan la wà.

Kò sẹ́ni tó jókòó láti pinnu pé kí ilé má gbàlejò mọ́. Àdírẹ́sì tán, kòkòrò ń jà, oníṣòwò sì fẹ́ dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ 1996 ṣe láìtọrọ àyè, ọmọ òní ní láti tọrọ rẹ̀ tàbí kó rà á. IPv6, tí àdírẹ́sì rẹ̀ tó gbogbo ilé ayé, ti wà nínú ìwé láti oṣù Kejìlá 1995; ọ̀pọ̀ ilé kò tíì rí i lò. Yíyá sáfà kò burú, èmi náà ń yá a bí mo bá fẹ́ kó wà lójúfò nígbà tí iná bá lọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ọmọ rò pé bí ayé ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó íntánẹ́ẹ̀tì ilé, ẹ bi wọ́n bóyá ráútà yín máa ní àdírẹ́sì ìta tirẹ̀, àti iye tí wọ́n ń gbà fún un. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ṣòru lórí ráútà. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.