Irin Ìwọ̀n Ọjà Tí Ó Di Irin Eré Ìdárayá

Irin tí àwọn òyìnbó ń pè ní kettlebell, inú ọjà ni ó ti wá, kì í ṣe pápá eré. Bọ́ọ̀lù irin ni, ọwọ́ kan sì wà lórí rẹ̀ bí ọwọ́ kẹ́tùlù. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà àtijọ́, girya ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni àwọn oníṣòwò fi ń wọn ọkà. Wọn a gbé e sí apá kan òṣùwọ̀n, wọn a da ọkà sí apá kejì títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà náà ní ìwọ̀n tiwọn, èyí tí wọ́n fi idẹ mọ bí ẹyẹ àti ẹja. Ṣùgbọ́n wúrà lẹ́búlẹ́bú ni àwọn fi ń wọ̀n, nítorí náà ó kéré débi pé kò sí ẹni tí yóò fi í dán agbára wò. Ti Rọ́ṣíà wúwo. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi í díje, nígbà tí ó sì di ọdún 1885, dókítà kan tí ń jẹ́ Vladislav Krayevsky dá ẹgbẹ́ àwọn agbérin sílẹ̀ ní St Petersburg.

Pood ni wọ́n ń pe ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà náà. Pood kan jẹ́ kílò 16.38. Ìjọba Soviet pa á tì ní ọdún 1924, wọ́n gba kílò, ṣùgbọ́n irin náà kò gbàgbé ibi tí ó ti wá. Kílò 16, 24 àti 32 ni àwọn agbérin ṣì mọ̀ jù, ìyẹn pood kan, pood kan àti ààbọ̀, àti pood méjì. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó gbé kílò 16 títí tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, kílò 8 ni yóò fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì ohun tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀! Kò sí dókítà tí ó yẹ èjìká ènìyàn wò kí wọ́n tó pinnu bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ọkà ni ó pinnu rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti ń rọ kílò 12 àti 20 báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbogbo wọn yóò ra irin mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àwọn Gíríìkì ti ronú kan ọ̀nà mìíràn. Milo ará Croton, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ìjàkadì ní Olympia lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ni wọ́n pìtàn nípa rẹ̀ pé ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ títí ó fi di akọ màlúù. Bí ẹran náà ṣe ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ ni agbára ọkùnrin náà ń pọ̀ sí i. Orúkọ rẹ̀ ni Alan Calvert fi sọ ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1902, níbi tí ó ti ń ta irin tí a lè fi kún tàbí dín kù. Ṣáájú rẹ̀, àwọn alágbára ti máa ń da yanrìn tàbí ọta òjé sínú bọ́ọ̀lù irin oníhò. Milo inú agolo tí à ń mu láàárọ̀ náà, orúkọ ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fún un nígbà tí Thomas Mayne ṣe é ní Australia ní ọdún 1934. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa sì ń da sìmẹ́ǹtì sínú agolo náà, wọ́n ń fi páìpù so méjì pọ̀, wọ́n ń gbé e, láìmọ̀ pé orúkọ bàbá iṣẹ́ wọn ni ó wà lára rẹ̀. Àléébù kan ni pé sìmẹ́ǹtì tí ó bá ti gan kì í dàgbà bí ọmọ màlúù.

Nígbà tí Adijat Olarinoye gba wúrà fún Nàìjíríà ní Birmingham ní ọdún 2022, òfin ìdíje gbà á láyè láti fi kílò kan péré kún irin rẹ̀. Bí ẹni tí ó mọ irin gbé tó bẹ́ẹ̀ bá lè fi kílò kan kún un, kí ni ìyá mi fẹ́ fi mẹ́jọ kún tirẹ̀ ṣe?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ni yóò lo irin nílé wa ní Ọ̀fà Garage, owó irin kan ṣoṣo ni ó sì wà. Kílò 8 tó ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ 20, èmi wà láàárín. Irin ọlọ́ta òjé kò bá wa mu, nítorí pé a ó máa tú u, a ó máa wọ̀n ọ́n, kí ó tó kan ẹlòmíràn. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ni ìyá mi ti ń lò: lítà omi kan, kílò kan, kò sí ohun tí ó rọrùn láti fi kún tàbí dín kù tó o. Ṣùgbọ́n omi ń jà nínú rẹ̀, kò ṣeé fì.

A lọ bá bàbá wẹ́dà kan, bóyá wọ́n lè bá wa so ọwọ́ mọ́ páìpù kí á máa ki pélébé irin bọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí:

“Ọmọ mi, ṣé gbígbé ni ẹ fẹ́ máa gbé e ni, àbí fífì?”

Mo ní, “Fífì ni, sà. Bíi jangirọ́fà, láti àárín ẹsẹ̀ dé iwájú àyà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní nọ́ọ̀tì kan tó fún ohun tí a kàn ń gbé, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fì yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀, títí irin yóò fi fò jáde lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n fi sí i, kí èkejì ti èkíní pa. Wọ́n ní kí á máa mì ín kí á tó lò ó. Bí ó bá dún, kí á má fì í. Wọ́n tún fi fáìlì dán ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ tẹ́ kí ó má baà yí lu ẹsẹ̀.

Ó ku àwọn pélébé irin. Ọwọ́ ni bàbá fi gé wọn, nítorí náà méjì tí ó jọra kò wúwo dọ́gba. A kó wọn lọ sídìí òṣùwọ̀n àwọn tí ń ra irin àlòkù, a wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi pè ní kílò méjì lé díẹ̀, ó sì ní kí á fojú fò ó. Èmi kò gbà. Ọ̀dà funfun ni mo fi kọ iye tí òṣùwọ̀n sọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.