Ọtí Wo, Lọ́wọ́ Ta? Ìjọ Kírísítì àti Ọtí ní Ìbàdàn, 1853–1964

Bóyá Kírísítẹ́nì lè mu ọtí jẹ́ ìbéèrè tí a sábà máa ń jiyàn lé lórí bí ẹni pé inú Bíbélì nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Àwọn kan a tọ́ka sí omi tó di wáìnì ní Kánà àti ìmọ̀ràn Pọ́ọ̀lù fún Tímótì. Àwọn mìíràn a gbé ìkìlọ̀ Ìwé Òwe dìde. Bíbélì Yorùbá pàápàá kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: ọtí wáìnì, ọtí líle. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìbàdàn fi hàn pé ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ yìí kò dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ìjọ náà kò dúró sójú kan.

Nígbà tí David Hinderer àti aya rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, ẹmu, ògùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti wà nílé àti lọ́jà tipẹ́. Ọtí ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdána, òun náà ni wọ́n ń ta sílẹ̀ fún òkú ọ̀run. Nítorí náà, ohun tó le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ni ọtí tó ń kán sílẹ̀, ju èyí tó ń lọ sẹ́nu. Ìjọ tó ń fi wáìnì ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò lè ka ife léèwọ̀ pátápátá. Àmọ́ ẹni tó kọ̀ láti fi ọtí ké pe baba ńlá rẹ̀ ti fi ipò rẹ̀ nínú agbo ilé wewu.

Ọtí kejì ni jíìnì òyìnbó. Àdéhùn Brussels ti 1890 ka ọtí líle léèwọ̀ ní ilẹ̀ tí òwò náà kò tíì dé, ṣùgbọ́n kò dá a dúró ní etíkun wa, nítorí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Láti 1895, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell pariwo tako òwò yìí, James Johnson náà kò sì dákẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà tí ẹrù èbúté ń gbà wọ ìlú di fífẹ̀ sí i. Nínú ìjà yìí, ẹlẹ́mu kò jẹ̀bi. Oníṣòwò àti ìjọba tó ń gba owó orí ọtí ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn. Ní 1909, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba kò fara mọ́ ẹ̀sùn àwọn míṣọ́nnárì pé ọtí ń ba ìran jẹ́. Ìmọ̀ràn lásán kọ́ ló wà nídìí ẹjọ́ náà: owó orí ọtí jẹ́ òpómúléró àpò ìjọba. Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 ló wá ka ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú léèwọ̀. Ó tún ka pípọn ọtí líle nílé léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ògógóró ṣe di ọtí àfibò.

Àwọn Aládúrà yí ìbéèrè náà padà. Lẹ́yìn ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè Oòyè, Iléṣà, ní 1930, ìjọ tó wá di Ìjọ Àpósítélì ti Kírísítì kọ ọtí sílẹ̀ pátápátá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́ ìwà mímọ́. Kò ya ẹmu sọ́tọ̀ kúrò lára jíìnì mọ́. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, di aṣáájú nínú ìjọ yìí. Láti 1955 títí di 1964, òun náà ni Olúbàdàn. Lára ẹnì kan ṣoṣo ni ìjọ tó kọ ọtí àti oyè ìlú tí ọtí wà nínú ètò rẹ̀ ti pàdé.

Lónìí, láti Màpó dé Bẹẹrẹ, ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn ìdílé Kírísítẹ́nì mìíràn ń fi rọ́pò ọtí nínú ìsọmọlórúkọ àti ìdána. Ipò ọtí kù síbẹ̀, ohun tó wà nínú ìgò ló yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ béèrè irú ọtí wo ni, ọwọ́ ta ló wà, àti kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.