Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀nà Kò Kúrú, Ọkọ̀ Ló Yá

Ìtàn ìrìnàjò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ni mo mú wá lọ́dún yìí, torí ó kan àpò gbogbo wa.

Nígbà ayé àwọn ìyá wa, ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn ń wọ̀. Èyí tó lókìkí jù ni Aureol, tí iléeṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1951. Tó bá kúrò ní Àpápá, á yà ní Takoradi, á yà ní Freetown, á tún yà ní Las Palmas kó tó dé Liverpool. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni. Ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù á tún wá wọ rélùwéè. Obìnrin wo ló máa fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún odidi oṣù kan, àlọ àtàbọ̀, tí oníbàárà rẹ̀ kò ní bá ẹlòmíràn lọ? Ọ̀kan nínú ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ iléeṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba ọjà.

Nígbà tó di ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1964, bàlúù VC10 ti BOAC kọ́kọ́ gbé èrò tó sanwó. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti gbéra, Èkó wa níbí ló sì ń bọ̀! Lọ́dún 1974, Aureol fi ojú ọ̀nà Èkó sílẹ̀. Ní òfuurufú, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ sì tó bàlúù láti rìn ín. Ọkọ̀ òkun ń yí etí Áfíríkà po, bàlúù ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní ìgbà òtútù wọn, wákàtí kan péré ni aago wa fi ṣíwájú tiwọn. Ní ìgbà ooru wọn, ọgbọọgba ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Àwa là ń wọ bàlúù, ọ̀pọ̀ ẹrù wa ṣì ń gba orí omi. Lọ́dún 2009, mo yá owó ẹgbẹ́ yìí lọ ra àwo àti ìkòkò ìdáná ní Lọ́ńdọ̀nù. Òru ọjọ́ kan ni mo fi padà dé. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù kan ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà. Kọ̀nténà lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí omi, ó tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní èbúté. Àwọn onídùúró mi méjèèjì ló san owó oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo fi aago bàlúù ṣírò ẹrù ọkọ̀ òkun.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún ọjà òkè òkun, kó ka ọjọ́ tí ẹrù máa dé ìsọ̀, kó má ka ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa délé. Kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí onídùúró rẹ̀ rí i kó tó fọwọ́ sí i. Ìfura loògùn àgbà.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Ọjà á tà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́