Àdán, Òòbẹ̀ àti Wàrà Ewúrẹ́

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí bí ẹni pé ohunkóhun ló lè dípò ohunkóhun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòbẹ̀ jọ àdán: òru ni àwọn méjèèjì ń fò, àwọn méjèèjì ló sì ń dorí kodò. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi adìẹ dípò àdán. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan rọ́pò nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ti àkọ́kọ́ ń ṣe. Òfin alásè nìyẹn, òfin ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà sì ni. Orí ọ̀rọ̀ wàrà ni mo ti kọ́ ọ, nílùú Kaduna.

Ìyá Ìbejì, tó ń se oúnjẹ àpèjẹ ní Barnawa, ló ní kí n bá òun túmọ̀ ìlànà sísè kan sí Yorùbá. Sàláàdì ni: kárọ́ọ̀tì sísun, ewébẹ̀, àti ṣíìsì tí wọ́n fi mílíìkì ewúrẹ́ ṣe. Mo kọ "wàrà ewúrẹ́" sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ó kà á, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń ṣàn ni àbí èyí tó dì? Ta ló tilẹ̀ ń fún ewúrẹ́ ní Kaduna yìí?"

Ìbéèrè méjèèjì ló tọ̀nà. Nono, mílíìkì kíkan tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi igbá gbé wọ ìlú, ti màlúù ni. Ewúrẹ́ pupa tí à ń pè ní ti Sókótó, ẹran àti awọ rẹ̀ ló fi lókìkí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ tọ́ka sí ohun tí kò sí lọ́jà, kò sì sọ ohun tí ènìyàn lè lò dípò rẹ̀.

Ìbéèrè nípa èyí tó ń ṣàn àti èyí tó dì le ju ìkejì lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, wàrà ni ohun tó ń ṣàn pẹ̀lú oyin ní ilẹ̀ ìlérí. Ohun mímu ni. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè wàrà lọ́jà Ìlọrin lónìí, ohun funfun tó dì ni wọn yóò bù fún ọ, tàbí èyí tí wọ́n ti dín. Èyí tó ń ṣàn ti di mílíìkì lẹ́nu gbogbo wa. Nítorí náà mo pín in báyìí: mílíìkì ni èyí tó ń ṣàn, wàrà ni èyí tó dì tí kò sì pẹ́ nílẹ̀, wàràkàṣì ni èyí tó le, tó lè pẹ́ tó sì lè rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí náà wà nínú Bíbélì, níbi tí Jésè ti fi oúnjẹ rán Dáfídì sójú ogun.

Kaduna tún fi ẹ̀kẹrin lé e. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin máa ń dín awara lẹ́bàá títì, wọn a fi ata yájì àti àlùbọ́sà sí i. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò rò pé wàrà ilé òun ni. Ẹ̀wà sọ́yà ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì lè jẹ awara kó sùn ire, kó jẹ wàrà kó dèrò ilé ìwòsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ sọ́yà náà ń bẹ. Mo pinnu pé n kò ní kọ wàrà lásán fún awara: "wàrà sọ́yà" ni, ní gbogbo ìgbà. Mo sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé mílíìkì ewúrẹ́ kì í ṣe ààbò fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ ti màlúù, nítorí èròjà tó ń da ara láàmú nínú àwọn méjèèjì jọra gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni a wá béèrè iṣẹ́ tí ṣíìsì ewúrẹ́ ń ṣe nínú sàláàdì náà. Ó ń kan díẹ̀, ó níyọ̀, ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè tẹ́ ẹ sórí búrẹ́dì, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Wàrà tiwa kò kan. Àwọn Fúlàní máa ń gbé mílíìkì kaná, wọn a da omi ewé bọmubọmu sí i títí yóò fi dì. Kì í yọ́ nínú òróró. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún dídín. Kindirmo, mílíìkì tí a jẹ́ kó kan, kan dáadáa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn. Ìyá Ìbejì da kindirmo sínú aṣọ funfun mímọ́, ó fi iyọ̀ sí i, ó so ó rọ̀ nínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Omi rẹ̀ ro tán. Ohun tó kù rọ̀, ó ń kan, ó sì ṣeé tẹ́.

Kí ni ká pè é? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo sì wo ilé ògì. Àwa tí à ń sẹ́ ògì láti ayébáyé ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí: a ní asẹ́, a ní omi ògì. Mo kọ "wàrà sísẹ́", mo sì pe omi tó ro sílẹ̀ ní "omi wàrà". Ìyá Ìbejì kò béèrè àlàyé kankan. Àwọn ará Ítálì náà ṣe irú rẹ̀: ricotta wọn kò ju "èyí tí a tún sè" lọ.

Òórùn nìkan ló kù. Àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ásíìdì kan nínú ọ̀rá ló ń fà á, wọ́n sì fi orúkọ ewúrẹ́ ní èdè Látìn sọ wọ́n: caproic, caprylic, capric. Èdè wa ti mọ òórùn náà tipẹ́. Mo kọ "òórùn òbúkọ díẹ̀", ó sì yé e. Ṣùgbọ́n kò sí igbá tàbí ìkòkò ní Kaduna tó lè fún wa ní àfidípò rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ìlà náà ṣe parí: "Wàrà sísẹ́ oníyọ̀, láti ara kindirmo, kò ní òórùn òbúkọ." N kò kọ "wàrà ewúrẹ́" síbẹ̀ mọ́. Òwe àwọn àgbà gbà wá láyè láti fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n kò pe òòbẹ̀ ní àdán.