Eyín Ẹṣin àti Ọjọ́ Orí Ènìyàn

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lóṣù tó kọjá. Ìyá kan ń fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní kí ó sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó fẹ́ yin ìyá náà pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ dunjú. Gbólóhùn tó bọ́ sí i lẹ́nu ni "long in the tooth." Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Ọjà ẹṣin ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bí ẹṣin bá ṣe ń dàgbà ni èrìgì rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, tí eyín yóò fi dà bí èyí tó ń gùn sí i. Ẹni tó fẹ́ rà á kì í gba ọ̀rọ̀ olówò gbọ́. Á ya ẹnu ẹṣin, á wo eyín, á wá mọ iye tó máa san. Nígbà tí Thackeray kọ ìwé ìtàn rẹ̀, Henry Esmond, ní 1852, obìnrin tọ́jọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ló lo ọ̀rọ̀ náà fún. Kò fi yìn ín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. "No spring chicken": àgbébọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ adìẹ tí ẹran rẹ̀ rọ̀. "Mutton dressed as lamb": àgùntàn tó ti gbó, tí wọ́n tún ṣe kó lè jọ ọmọ àgùntàn. Ìyá tó wọṣọ bí ọmọge ni wọ́n ń fi bú. Nínú gbogbo rẹ̀, oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ń ná.

Àfiwé nìyẹn o, àmọ́ ìgbà kan wà tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn gan-an. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, tẹ ìwé kan jáde ní 1704 nípa etí òkun Gínì. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹrú wò ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ẹni tó ju ọdún 35 lọ, ẹni tó hewú, ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ, ṣe ni wọ́n ń yọ wọ́n sápá kan. N ò sọ pé ibẹ̀ ni àkànlò-èdè náà ti wá. Ẹṣin ló ni ín. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n fi wo ẹṣin àti ènìyàn.

Àwa náà ní èébú tiwa fún arúgbó, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Síbẹ̀, nígbà tí òwe wa mú àgbà dé ọjà, ohun tó wí ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ná àgbà yẹn. Ojú rẹ̀ la nílò.

Mo ní kí ọmọ mi kọ lẹ́tà sí ìyá náà, kó sọ fún un pé ohun tóun ní lọ́kàn ni pé ní gbogbo ọdún tó fi wà láàárín wọn, orí ẹnìkankan ò wọ́. Ó ti kọ ọ́. À ń retí èsì.