Gbígbin Òdòdó Bougainvillea sí Àyíká Ilé

Bougainvillea jẹ́ ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tí a ń gbìn sí ara ògiri ọgbà ilé ní Òṣogbo àti Iléṣà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ Louis-Antoine de Bougainville, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni a fi pè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ sì rì í mọ́ ibi tí oòrùn ń ràn sí dáadáa, tí omi kì í dárogún sí. Nígbà tí ó bá ti ta gbòǹgbò, ẹ dín omi kù. Bí omi tàbí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, ewé ni yóò máa yọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tanná jù.

Ẹ má ṣe gbìn ín sábẹ́ wáyà iná. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti kan wáyà, ẹ má ṣe fi àdá tàbí ọwọ́ kàn án, pàápàá nígbà òjò, nítorí ẹ̀ka tútù lè gbé iná wọ ara ènìyàn. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ IBEDC létí.

Bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gé ẹ̀ka tí ó gùn jù. Ẹ má ṣe da á sínú gọ́tà, kí ọ̀nà omi má baà dí.